Ọjọ́ Bríd ní Írẹ́lándì: ìbéèrè tí àwọn ènìyàn ń béèrè jù, àti ìdáhùn wọn

Bí oṣù Èrèlè bá ti wọlé, ọmọ tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Dublin tàbí Cork lè gbé àgbélébùú tí wọ́n fi koríko hun wálé, kó ní kí ẹ bá òun fi kọ́ òkè ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ Patrick ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Írẹ́lándì, pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ ewé àti ìwọ́de. Ọjọ́ Bríd, àjọ̀dún ẹni mímọ́ obìnrin tí àwọn mìíràn ń pè ní Brigid tàbí Bridget, tí ọmọ yẹn fi hun àgbélébùú, ò ní ariwo tó bẹ́ẹ̀, nítorí inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é: ní ẹnu ọ̀nà, nídìí ààrò, ní ilé màlúù. Àwọn ìbéèrè tí àwọn òbí àti òṣìṣẹ́ tiwa níbẹ̀ máa ń béèrè nípa rẹ̀ nìyí.

Ọjọ́ wo gan-an ni, báwo ni wọ́n sì ń pe orúkọ rẹ̀?

Ọjọ́ 1 oṣù Èrèlè ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó dùn jù níbẹ̀ ti kọjá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́, bí oòrùn bá ti wọ̀, ni àjọ̀dún ti ń bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ ni àwọn ará Írẹ́lándì àtijọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́.

Lá Fhéile Bríde ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn. “Fh” inú rẹ̀ yadi, ẹ fò ó: “lọ́ ẹ́-lẹ̀ brí-jẹ”. Bríd nìkan, “Bríìd” ni.

Imbolc ni orúkọ tó dàgbà jù ú lọ. Ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 900, Sanas Cormaic, sọ pé oímelc ni ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn wàrà àgùntàn. Àwọn onímọ̀ èdè òde òní kò gbà á tán. Àwọn kan ní “nínú ikùn” ló túmọ̀ sí, wọ́n ń wo oyún tó wà nínú àgùntàn. Èyí ó wù ó jẹ́, ọ̀rọ̀ àgùntàn ò kúrò níbẹ̀. Àsìkò tí àgùntàn ń bímọ, tí wàrà ń padà dé lẹ́yìn òtútù gígùn, ni ọjọ́ náà bọ́ sí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi pín ọdún nígbà náà: Imbolc (1 oṣù Èrèlè), Bealtaine (1 oṣù Èbìbí), Lúnasa (1 oṣù Ògún) àti Samhain (1 oṣù Belu). Samhain yẹn ló di Halloween.

Ṣé ènìyàn ni Bríd, àbí òrìṣà?

Ìwé àtijọ́ sọ méjèèjì. Sanas Cormaic tí a dárúkọ lókè ní òrìṣà ni, ọmọbìnrin Dagda, òrìṣà ńlá kan nínú ìtàn àtijọ́ wọn, pé àwọn akéwì ló ń bọ ọ́, ó sì ní àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n méjì tí wọ́n ń jẹ́ Bríd bíi tirẹ̀: ọ̀kan fún ìwòsàn, ọ̀kan fún àgbẹ̀dẹ. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, Ìjọ ní ẹni mímọ́ ni, obìnrin tó dá ilé àwọn sísítà sílẹ̀ ní Kildare, tí wọ́n sọ pé wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 451, tó sì kú ní nǹkan bí ọdún 525. Cogitosus, ọkùnrin ìjọ kan, kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 650. Kò pẹ́ púpọ̀ sí àsìkò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tó fún àrọ̀bá láti wọ inú ìtàn.

Ṣé obìnrin kan ló gbé ayé tí wọ́n wá gbé ẹwù òrìṣà wọ̀ ọ́, àbí òrìṣà ni Ìjọ rì bọmi? Àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò. Ẹni tó bá sọ pé òun mọ̀ dájú, ẹ ní kó mú ẹ̀rí wá. Yorùbá tó bá ti rí bí Ṣàngó ṣe wọ abẹ́ aṣọ Santa Bárbara ní Cuba kò ní rí ìbéèrè yìí bí ohun tuntun, àmọ́ ẹ má fi ti Cuba ṣe ẹ̀rí fún ti Írẹ́lándì.

Lónìí, òun, Patrick àti Colm Cille ni ẹni mímọ́ mẹ́ta tí Írẹ́lándì fi ṣe alábàárò orílẹ̀-èdè wọn.

Kí ni ìtàn sọ pé ó ṣe?

Ó pọ̀, ìtàn ọ̀làwọ́ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìjòyè ni bàbá rẹ̀, ẹrú ni ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan bàbá gbé e lọ sí ààfin láti lọ tà á, nítorí pé ó ń kó dúkìá ilé fún àwọn aláìní. Bàbá ṣì ń dúnàá-dúrà lọ́wọ́ nínú ilé nígbà tí Bríd, tó dúró síta, ti gbé idà olówó iyebíye bàbá rẹ̀ fún adẹ́tẹ̀ kan tó ń ṣagbe. Ọba gbọ́, ó ní kí bàbá mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé.

Ti ẹ̀wù ìborùn ni àwọn ọmọdé mọ̀ jù. Bríd tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ọba Leinster, ọba kọ̀. Ó wá ní kó fún òun ní ìwọ̀nba tí ìborùn òun bá bò. Ọba rẹ́rìn-ín, ó gbà. Wọ́n tẹ́ ìborùn náà sílẹ̀, ó ń fẹ̀, ó ń fẹ̀, títí ó fi bo pápá Curragh tán, níbi tí wọ́n ti ń sáré ẹṣin títí di òní. Cogitosus ní tirẹ̀ sọ pé ó fi aṣọ tó rin kọ́ sórí ìtànṣán oòrùn, àti pé ó sọ omi di ọtí bíà fún àlejò.

Iná tí wọ́n ní kì í kú ní Kildare ńkọ́?

Cill Dara ni Kildare lédè wọn, ìyẹn ilé ìjọsìn ìdí igi óákù. Giraldus ará Wales, tó dé Írẹ́lándì ní ìparí ọ̀rúndún kejìlá, kọ ọ́ pé sísítà 19 ló ń ṣọ́ iná kan níbẹ̀, ẹnì kan ní òru kan. Bí ó bá di òru ogún, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn á kó igi tì í, á ní kí Bríd ṣọ́ iná ara rẹ̀, nítorí òru tirẹ̀ nìyẹn, á sì lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, igi ti jó, iná ò kú. Ọgbà kan yí iná náà ká, ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀.

Nígbà tí àtúnṣe ìjọ dé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni iná náà kú. Àwọn sísítà Brigidine tún un dá ní Kildare ní 1993, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ ní ilé wọn tí wọ́n ń pè ní Solas Bhríde. Ní ọjọ́ 1 oṣù Èrèlè 2006, Ààrẹ Mary McAleese tan iná kan sí gbàgede ìlú náà. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìpìlẹ̀ ilé iná àtijọ́, inú ọgbà kàtídírà Sẹ́ńtì Brigid ní Kildare ló wà: òkúta onígun mẹ́rin lásán, kò ga. Ẹni tó bá lọ pẹ̀lú ìrètí ààfin á bínú.

Kí gan-an ni wọ́n ń ṣe ní alẹ́ ọjọ́ náà?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ilé ẹ̀kọ́ ti yọ àgbélébùú koríko sọ́tọ̀, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìparí ètò ni àgbélébùú yẹn. Ìgbàlejò ni alẹ́ Bríd. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé òru ọjọ́ náà ni Bríd ń rìn káàkiri ilẹ̀ náà, tó ń yà sílé dé ilé, kí ìgbà ìrúwé tó wọlé. Nítorí náà gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe, ẹnu ọ̀nà ló dá lé.

Nígbà àtijọ́, wọ́n á gbá ilé mọ́, wọ́n á se oúnjẹ alẹ́. Ẹnì kan, ọmọbìnrin ilé tàbí bàbá ilé fúnra rẹ̀, á ti fi ẹrù koríko etí omi, tí wọ́n ń pè ní luachair, pamọ́ síta. Á gbé e, á fi yí ilé ká ní ìhà tí oòrùn ń yí sí, ìyẹn ni pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló máa kọjú sí ògiri. Á kan ilẹ̀kùn, á ké láti ìta pé:

“Ẹ kúnlẹ̀, ẹ la ojú yín, ẹ jẹ́ kí Bríd wọlé!”

Àwọn tó wà nínú ilé á dáhùn pé, “Ó káàbọ̀, ó káàbọ̀!” Ní àwọn ibì kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ṣe é kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Koríko á wọlé, wọ́n á gbé e sábẹ́ tábìlì tàbí sábẹ́ ìkòkò oúnjẹ, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n á wá jókòó ti koríko náà, tí wọ́n á fi hun àgbélébùú. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kì í fi í ṣe koríko lásán: koríko tó bá Bríd wọlé ni.

Lẹ́tà ìbéèrè tí Àjọ Ìtàn Àbáláyé Írẹ́lándì fi ránṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè náà ní 1942 ló jẹ́ kí a mọ púpọ̀ nínú èyí. Ìdáhùn àwọn àgbà yàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló tọ̀nà.

Báwo ni a ṣe ń hun àgbélébùú náà?

Ẹ wá koríko 16 tí gígùn wọn ò dín ní sẹ̀ǹtímítà 40, rọ́bà kékeré mẹ́rin, okùn díẹ̀ àti sísọ́ọ̀sì. Luachair kì í ní ewé: igi tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé ni, tó rọ̀, tí fọ́ọ̀mù funfun wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ àbàtà ló ti ń hù. Wọ́n máa ń fà á tu ni, wọn kì í fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀ kí ẹ tó wọ pápá rẹ̀.

Ẹ mú koríko kan dúró ṣánṣán ní ọwọ́ òsì. Ẹ tẹ ìkejì sí méjì, ẹ fi há àárín èkíní, kí orí rẹ̀ méjèèjì kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín yẹn mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ wá yí gbogbo rẹ̀ sí ọwọ́ òsì ní ìdá mẹ́rin òbìrí; orí koríko kejì á wá kọjú sókè. Ẹ tẹ ìkẹta sí méjì, ẹ fi há gbogbo ohun tó dúró sókè, kí orí tirẹ̀ náà kọjú sí ọ̀tún. Ẹ fà á kó sún mọ́ àárín pinpin. Ẹ tún yí i sí òsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni títí koríko á fi tán: tẹ̀ ẹ́, fi há a, fà á, yí i. Lẹ́yìn nǹkan bí mẹ́jọ, ẹ máa rí i tí igun mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní àárín, tí koríko ń gun ara wọn bí ẹní tí wọ́n ń hun.

Bí ó bá tán, ẹ fi rọ́bà di apá kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà méjì sí orí rẹ̀. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé orí wọn kó dọ́gba. Okùn kẹ́yìn, lẹ́yìn tó bá gbẹ.

Tiwa tú. Kí ló fà á?

Nínú mẹ́wàá, mẹ́jọ ni ọwọ́ tó dẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yí i. Àtàǹpàkò kò gbọdọ̀ kúrò ní àárín. Fún ọmọdé, ẹ jẹ́ kí àgbà di àárín mú, kí ọmọ máa fi koríko há a.

Bí ó bá jẹ́ pé apá méjì ló nípọn, tí méjì yòókù tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ti gbàgbé ara yín, ẹ yí i sí ọ̀tún nígbà kan. Ẹ tú u padà dé ibẹ̀. Bí koríko bá ń kán níbi tí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, ó ti gbẹ jù. Ẹ rì í sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí bíi méjì kan, kí ẹ sì máa fi ìka fún un pẹlẹbẹ díẹ̀ ní àárín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá sì dára lọ́jọ́ kìíní, tó wá dẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, gbígbẹ ló jẹ́ kó sún kì. Ohun tí a fi ní kí ẹ lo rọ́bà ṣáájú okùn nìyẹn: rọ́bà á bá a sún, okùn kò ní bá a sún.

Níbi tí luachair kò bá sí, èèpo ọkà gbígbẹ tàbí ìwé líle tí ẹ gé tẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣe é. Mọ̀rìwò, ìyẹn ọ̀dọ́ imọ̀ ọ̀pẹ, ń ṣe é pẹ̀lú, bí ẹ bá ya á kó tẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ pẹlẹbẹ ni ti mọ̀rìwò, nítorí náà àárín rẹ̀ kì í ga.

Ṣé irú àgbélébùú kan náà ni wọ́n ń hun níbi gbogbo?

Rárá. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yìí ló gbajúmọ̀ jù, pàápàá nítorí pé tẹlifíṣọ̀n ìjọba, RTÉ, fi ṣe àmì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 títí di 1995. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà ní àríwá, ilé màlúù ni wọ́n sábà ń fi í kọ́ sí. Ìwọ̀ oòrùn ní èyí tí wọ́n fi igi méjì dábùú ara, tí wọ́n wá fi koríko yí i ká títí ó fi dà bíi dáyámọ́ńdì.

Ó jọ àmì Hitler lójú wa.

Apá rẹ̀ kì í ṣẹ́ kọ́rọ́ ní orí. Ó kàn yà díẹ̀ kúrò ní àárín, nítorí bí wọ́n ṣe ń yí i ni. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú Hitler.

Ibo ni ká fi kọ́ sí, kí sì ni ká ṣe sí ti èṣí?

Òkè ẹnu ọ̀nà, ní inú ilé, ni wọ́n ń fi í kọ́ sí. Láyé ilé oníkoríko, abẹ́ òrùlé ni wọ́n ń kì í bọ̀, nítorí pé iná ni wọ́n ń bẹ̀rù jù, wọ́n sì gbà pé ó ń dènà rẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn kan ń fi ti ọdọọdún sí láìyọ ti àtẹ̀yìnwá, débi pé wọ́n lè ka iye ọdún tí ilé ti wà nípa kíka àgbélébùú inú òrùlé. Àwọn mìíràn a máa yọ ti èṣí, wọ́n á sun ún tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Wọn kì í jù ú sórí ààtàn. Bí ẹ bá fẹ́ fi kọ́ sí ilé ìdáná, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí sítóòfù o, koríko gbígbẹ ni.

Kí ni Brat Bríde?

Aṣọ Bríd ni. Ẹ mú ìwọ̀nba aṣọ kan, gèlè kékeré, ríbọ́ọ̀nù tàbí ìnujú, ẹ gbé e síta kí oòrùn tó wọ̀ ní ọjọ́ 31, lórí igi kékeré tàbí ojú fèrèsé. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé Bríd á fọwọ́ kàn án bí ó bá ń kọjá. Kí oòrùn tó là ni kí ẹ gbé e wọlé, ní tútù pẹ̀lú ìrì. Orí fífọ́ ni wọ́n ń fi í wò jù, wọ́n á wé e mọ́ orí aláìsàn. Wọ́n sì máa ń gbé e lé màlúù tó ń rọbí lẹ́yìn. Ní àwọn agbègbè kan, wọ́n ní aṣọ kan náà tí wọ́n bá gbé síta fún ọdún méje ló lágbára jù. Àwọn mìíràn ń wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó gbé e síta, wọ́n tún ń wọ̀n ọ́n láàárọ̀, láti wò bóyá ó gùn sí i.

Atẹ́gùn ni ìṣòro. Ìjì oṣù Èrèlè ní Írẹ́lándì kì í ṣeré, ọ̀pọ̀ Brat Bríde ló ti bá ara rẹ̀ ní ọgbà aládùúgbò. Ẹ so ó.

Oúnjẹ wo ni wọ́n ń jẹ?

Bọ́tà. A mọ̀ pé bọ́tà kì í ṣe oúnjẹ lásán, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá ọjọ́ náà. Ìgbà òtútù ni wàrà máa ń wọ́n. Bí màlúù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí, bọ́tà tuntun dé, wọ́n á sì lò ó bí ẹni tí ò bẹ̀rù ọ̀la.

Pòtétò gígún ni wọ́n ń dà á sí, tí wọ́n ń pè ní brúitín; ní Donegal “poundies” ni. Àwa tí à ń pe pòtétò ní “Áríṣì” ní ọjà Nàìjíríà á gbádùn èyí: wọ́n ní ọmọ odó onígi tí wọ́n fi ń gún un nínú ìkòkò. Pòtétò kò tíì dé Írẹ́lándì kí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún tó ń parí lọ, nítorí náà oúnjẹ yìí kò dàgbà tó àjọ̀dún. Ṣáájú rẹ̀, búrẹ́dì óòtì àti wàrà ni.

Fún ènìyàn mẹ́rin: pòtétò kílò kan, èyí tó máa ń fọ́ lẹ́búlẹ́bú bí ó bá jinná, irú bíi Rooster tàbí Kerr's Pink, wàrà mílílítà 200, bọ́tà gíráàmù 100, àlùbọ́sà eléwé mẹ́fà, iyọ̀. Ẹ bó pòtétò, ẹ gé e dọ́gba, ẹ gbé e kaná nínú omi tútù tó níyọ̀. Bí ẹ bá dà á sínú omi híhó, ìta á jinná, inú á le. Ìṣẹ́jú 20 sí 25 ti tó. Ẹ da omi nù pátápátá, ẹ dá a padà sórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú méjì kí ooru lé omi tó kù jáde. Omi yìí ló ń sọ ọ́ di ẹ̀kọ. Ẹ gbé wàrà àti àlùbọ́sà tí ẹ ti gé kaná títí yóò fi fẹ́ hó. Ẹ gún pòtétò, ẹ da wàrà gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ìdajì bọ́tà sí i.

Ẹ má fi bùléńdà lọ̀ ọ́, ẹ má sì gún un bí iyán. Ohun tó mú iyán dára, kó fà, òun gan-an ló ń ba brúitín jẹ́: bí ẹ bá gún un jù, sítáàṣì inú rẹ̀ á tú jáde, á di gọ́ọ̀mù. Ẹ bù ú sí àwo, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí dá ihò sí àárín, ẹ fi bọ́tà tó kù síbẹ̀ kó yọ́ di adágún. Etí ni wọ́n ti ń bù ú, wọ́n á máa tì í bọ bọ́tà.

Kí wọ́n tó sùn, wọ́n á gbé àkàrà óòtì kan sójú fèrèsé fún Bríd, wọ́n á sì fi ìdì koríko kan tì í fún màlúù funfun tó ń tẹ̀lé e.

Ta ni àwọn Biddy?

Biddy ni ìnagijẹ Bríd, wọ́n sì fi ń pe àwọn tó ń gbé ère rẹ̀ kiri. Àwọn ọmọbìnrin ń ṣe ọmọlangidi tí wọ́n ń pè ní Brídeóg: wọ́n á mú igi ìgbálẹ̀, tàbí igi tí wọ́n fi ń po wàrà di bọ́tà, wọ́n á fi tọ́nípù ṣe orí, wọ́n á wọ aṣọ funfun fún un. Wọ́n á gbé e kiri ilé dé ilé, wọ́n á kọrin, àwọn onílé á fún wọn ní ẹyin, àkàrà tàbí owó. Lílé wọn lẹ́nu ọ̀nà kò dára, oríire ilé ni ẹ lé yẹn. Ní Kerry, ní agbègbè Killorglin, àwọn àgbà ló ń ṣe é, pẹ̀lú fìlà koríko gíga tó bo ojú, ẹ̀wù funfun, àti àwọn onílù àti onífèrè.

Ní ìwọ̀ oòrùn, ní Galway pàápàá, crios ni wọ́n ń gbé kiri: okùn koríko tí wọ́n so orí rẹ̀ pọ̀ di òbìrí ńlá. Ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ilé á gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, fún ìlera ọdún náà.

Ǹjẹ́ ó ní èèwọ̀?

Ohun tó ń yí. Wọn kì í ran òwú lórí kẹ̀kẹ́, wọn kì í lọ ọkà, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ́jọ́ náà. Lónìí, bọ́ọ̀sì Dublin ń lọ, kò sẹ́ni tó ń kà á sí.

Kànga Bríd ńkọ́? A rí aṣọ lára igi níbẹ̀.

Kànga tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ pọ̀ káàkiri. Ti Liscannor ní Clare, ti Kildare, àti odò kékeré Faughart ní Louth, níbi tí wọ́n sọ pé wọ́n bí i sí, ló gbajúmọ̀. Wọ́n á yí kànga ká ní ìhà oòrùn, wọ́n á máa gbàdúrà, wọ́n á so aṣọ ẹni tó ń ṣàìsàn mọ́ igi. Èrò ibẹ̀ ni pé bí aṣọ bá ṣe ń jẹrà ni àìsàn ń lọ. Nítorí náà aṣọ náílọ́nù kò ṣe é: kì í jẹrà, ó sì ń fún igi lọ́rùn. Òwú tàbí irun àgùntàn ni kó jẹ́, kí ẹ má sì so ó le.

Ṣé wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ ní ọlidé?

Bẹ́ẹ̀ ni, láti 2023. Òun ni ọlidé ìkẹwàá ní Írẹ́lándì, òun sì ni àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ obìnrin. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Èrèlè ni, àfi bí ọjọ́ 1 bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì; nígbà náà, ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ni. 2030 ni ìyẹn máa kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Northern Ireland kò sí nínú rẹ̀.

Agbanisíṣẹ́ lè fún yín ní ìsinmi ọjọ́ náà pẹ̀lú owó, tàbí ọjọ́ kan lé ìsinmi ọdún yín, tàbí owó ọjọ́ kan lé owó yín, tàbí ìsinmi ọjọ́ àjọ̀dún ìjọ tó sún mọ́ ọn. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́ gbọ́dọ̀ ti ṣe wákàtí 40 ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó ṣáájú rẹ̀. Bí ọjọ́ yẹn kì í bá ṣe ọjọ́ iṣẹ́ yín, ìdá kan nínú márùn-ún owó ọ̀sẹ̀ yín ló tọ́ sí yín. Ẹni tí ò bá béèrè lè pàdánù èyí.

Ẹ̀sìn wa kò gba irú èyí. Kí ni ká sọ fún ilé ẹ̀kọ́?

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ àti ìtàn. Ní ilé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì, àdúrà lè tẹ̀lé e. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà, abala 44, gbà kí ọmọ wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń náwó sí láìjókòó sí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Ẹ kọ̀wé sí olórí ilé ẹ̀kọ́ ṣáájú, ní àárín oṣù Ṣẹ́rẹ́, kí ẹ sì sọ ní pàtó: ṣé koríko ni ẹ ò fẹ́ ni, àbí àdúrà? Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, olùkọ́ ò sì lè mọ èyí tó wà lọ́kàn yín.

Ǹjẹ́ ó kan Yorùbá níbì kankan?

Lọ́nà orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn fadá àti sísítà láti Írẹ́lándì tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà wà lára ohun tó jẹ́ kí Bridget pọ̀ láàárín àwọn ìyá Kátólíìkì wa.

Èkejì jẹ́ ti kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ 2 oṣù Èrèlè, tó tẹ̀lé ti Bríd, ni Ìjọ ń ṣe ọjọ́ àbẹ́là fún Màríà. Àwọn ará Írẹ́lándì ní Bríd ló fi adé àbẹ́là sórí kí àwọn èrò lè máa wo òun, kí Màríà tó ń tijú lè ráyè wọ tẹ́ḿpìlì, Màríà sì ní kí ọjọ́ Bríd ṣáájú tòun. Ọjọ́ 2 yìí kan náà ni wọ́n ń gbé ẹbọ òdòdó lọ fún Yemọja ní etí òkun Rio Vermelho ní Salvador, òun náà sì ni àwọn ọmọ Ọya ní Cuba mọ̀ sí ọjọ́ Candelaria.

Báwo la ṣe ń kí ara ẹni?

“Beannachtaí na Féile Bríde”, ìbùkún àjọ̀dún Bríd. Ẹ sọ ọ́ bí “bánọ̀k-tí na fẹ́-lẹ̀ brí-jẹ”. “F” dún nínú èyí.

Wọ́n ní ìgbà ìrúwé bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣé ká ti ká kóòtù kúrò?

Ní kàlẹ́ńdà Írẹ́lándì, ó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Bríd ń ti ìka bọ omi lọ́jọ́ náà láti yọ òtútù inú rẹ̀, àti pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé láti ọjọ́ òun lọ, ọjọ́ kan á dára, èkejì á burú. Ìmọ́lẹ̀ ti ń pẹ́ sí i lóòótọ́, ẹ máa rí i ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n yìnyín ṣì lè bọ́ nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Ẹ fi kóòtù kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.